Ọ̀yọ́ Aláàfin ní Àṣálẹ́: Ìtàn Ọjà Alẹ́ àti Oúnjẹ Rẹ̀

Olóòtú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ti bẹ̀ wá pé kí a kọ ìtàn díẹ̀ fún ìgbádùn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, nílé, lóko àti lẹ́yìn odi. Ìtàn ogun àti ìtàn oyè ni a máa ń retí nínú irú ìwé báyìí, àwọn tí ó sì mọ̀ wọ́n jù wá lọ ti kọ púpọ̀ nínú wọn. Ní tiwa, ọjà alẹ́ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í sì í ṣe ọjà alẹ́ ìlú wa, bí kò ṣe ti Ọ̀yọ́ Aláàfin, níbi tí a ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ láti ọdún 1992 sí ọdún 1995. Ìdí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ ìlú ẹlòmíràn wá sí agboolé wa yóò hàn láìpẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé gbogboogbò ẹgbẹ́ yìí ní oṣù Kejìlá tí ó kọjá yóò rántí pé a gbé àbá kan kalẹ̀ níbẹ̀ pé kí a kó àwọn tí ń tajà lálẹ́ kúrò níwájú ààfin ọba wa, kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn irin sórí ilẹ̀ náà, kí ìyókù sì di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà kan béèrè pé: “Níbo ni ẹ wá fẹ́ kí a ti máa jẹun?” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn, a sì sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé tí ń bọ̀. Ìbéèrè ìyá yìí ni a gbé lọ sí Ọ̀yọ́ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi ní oṣù Kẹrin. Ọjọ́ mẹ́rin ni a lò níbẹ̀. Iṣẹ́ tí a ní kò ju pé kí a rìn kiri ní ìrọ̀lẹ́ bí a ti máa ń rìn nígbà tí a jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí a sì jẹ ohun tí a máa ń jẹ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kì í rìn lásán kí ó má béèrè bí nǹkan ti ṣe bẹ̀rẹ̀.

Kí á kọ́kọ́ mọ ìlú tí à ń sọ. Ọ̀yọ́ méjì ni ó wà nínú ìtàn. Ọ̀yọ́-Ilé ni ti ìṣáájú. Ibẹ̀ ni Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, dé ní ọdún 1826, tí àwọn Lander, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, sì dé ní ọdún 1830. Ogun Ìlọrin àti ìjà abẹ́lé gbo ìlú ńlá náà títí ó fi tú ní nǹkan bí ọdún 1835 sí 1836. Àtìbà, ọmọ Aláàfin Abíọ́dún, ni ó fi ìdí ìjọba náà kalẹ̀ ní apá gúúsù, ní Àgọ́ Ọ̀jà. (Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ kíyè sí àmì ohùn: orúkọ ènìyàn ni Ọ̀jà yìí, òun ni ó tẹ àgọ́ náà dó, kì í ṣe ọjà tí a ń ná.) Àtìbà sọ àgọ́ di Ọ̀yọ́, a sì ń pe ìlú náà ní Àgọ́-d’Ọ̀yọ́ títí di òní.

Ohun tí ó kan ọ̀rọ̀ wa níbẹ̀ ni pé kì í ṣe adé nìkan ni Àtìbà gbé wá sí ibùjókòó tuntun. Ó tún oyè ìgbàanì fi jẹ, ó pín àdúgbò fún àwọn tí ó tẹ̀ lé e, ọjà ọba tí ó wà níwájú ààfin sì ń jẹ́ Akẹ̀sán, gẹ́gẹ́ bí ọjà ọba ti ń jẹ́ ní Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ènìyàn tí ogun lé kúrò nílé, tí wọ́n sì rántí gbé orúkọ ọjà wọn dání, kò ka ọjà sí ohun yẹpẹrẹ.

Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣe olùṣọ́-àgùntàn ìjọ ní Ọ̀yọ́, tí ó sì kú ní ọdún 1901, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897. Ìwé náà sọnù mọ́ àwọn tí a fi ránṣẹ́ sí lọ́wọ́ ní Ìlú Òyìnbó. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, kí ó tó jáde ní ọdún 1921. Nínú ìwé náà ni ó ti ka àwọn obìnrin olóyè ààfin lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀kan nínú wọn sì ni Ẹni-ọjà. Òun ni alábòójútó ọjà ọba. Aṣọ bí ti ọkùnrin ni ó máa ń wọ̀, apá rẹ̀ sì ni Aláàfin máa ń fara tì ní ọjọ́ tí ó bá jáde lọ bọ ọjà. Olósì ni igbákejì rẹ̀, Àrọ́jà sì ń gbé inú ọjà gan-an. Ẹ rò ó wò: ọba tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wò lójú, apá obìnrin tí ń ṣe àkóso ọjà ni ó ń fara tì. Nígbà tí a bá gbọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ ní ìpàdé pé àwọn obìnrin kan “lọ jókòó sí” iwájú ààfin, bí ẹni pé ìjì ni ó gbá wọn débẹ̀, ó yẹ kí a fi ìwé Johnson hàn án.

Ó kù kí a béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ pé alẹ́ ni. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà, ẹni tí ó wọ ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1850, sọ nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1857 pé ìrọ̀lẹ́ ni ọjà ilẹ̀ wa máa ń kún jù, àti pé bí òṣùpá kò bá sí, fìtílà kéékèèké tí àwọn obìnrin ń tàn a máa dà bí ìràwọ̀ lójú ẹni tí ó wà lókèèrè. Nítorí náà, kì í ṣe ayé kẹrosíìnì ni ọjà alẹ́ bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ayé iná ẹ̀lẹ́tíríìkì. Epo pupa àti òwú nínú àwo amọ̀ ni wọ́n fi ń tan iná rẹ̀ nígbà náà.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí fún ẹni tí ó bá mọ bí àwọn baba wa ti ń gbé. Inú ìlú ni Yorùbá ń gbé, oko sì jìnnà. Àgbẹ̀ a jí lọ sí oko etílé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kò sì ní padà títí oòrùn yóò fi rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀ ní ọ̀sán: ó lè máa fọ epo, ó lè máa ran òwú, ó lè máa pa aró. Ìrọ̀lẹ́ ni ọwọ́ gbogbo ènìyàn ń dilẹ̀, ìgbà náà sì ni ebi ń pa wọ́n. Ẹni tí ó mú iṣu bọ̀ láti oko a tà á. Ẹni tí kò ráyè dáná a ra ẹ̀kọ àti ọbẹ̀. A ti gbọ́ tí àwọn kan ń wàásù pé obìnrin tí ó bá ń ra oúnjẹ sísè fún ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀lẹ. Kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa ni wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn. Obìnrin tí ń pa aró títí oòrùn fi wọ̀ mọ̀ pé ẹlẹ́kọ wà, ẹlẹ́kọ náà sì mọ̀ pé aláró wà. Iṣẹ́ ọ̀kan ni ó ń bọ́ èkejì. Yàtọ̀ sí èyí, ọjà alẹ́ ni ibi ìròyìn. Níbẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tí ó bímọ, ẹni tí ó ti ìrìn àjò dé, àti ọmọ ta ni ó ń bá ọmọ ta sọ̀rọ̀ lẹ́bàá ògiri.

Sí irú ìlú báyìí ni ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wá. Ní ọdún 1896 ni ìjọ C.M.S. dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí a wá mọ̀ sí St. Andrew’s College sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, Melville Jones, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Èkó lẹ́yìn náà, sì ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn tíṣà tí ó tan káàkiri ilẹ̀ Yorùbá láti ibẹ̀ pọ̀ jọjọ. Ọ̀kan nínú wọn ni D. O. Fágúnwà, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ láti ọdún 1926 sí 1929, kí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní ọdún 1938. Lórí ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ yìí ni Yunifásítì Ajàyí Crowther wà lónìí, èyí tí ìjọba fún ní àṣẹ ní ọdún 2005. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwa yàtọ̀ sí èyí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìkọ́ni Àkànṣe ni, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1977, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò máa kọ́ ọmọ tí kò ríran, ọmọ tí kò gbọ́ràn, àti ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń falẹ̀. Àwọn tí kò ríran àti àwọn tí kò gbọ́ràn sì wà láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú.

Lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni a ti kọ́ bí a ti ń mọ ọjà alẹ́. Ẹlẹgbẹ́ wa kan tí kò ríran a máa bá wa jáde ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ààbọ̀, ọwọ́ rẹ̀ a sì wà léjìká ẹnìkan nínú wa. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sún mọ́ àwọn ọlọ́jà, òun gan-an ni ó ń ṣe amọ̀nà. Ó mọ epo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná yàtọ̀ sí epo tí ó ti gbó. Ó lè sọ pé: “Ẹ má dúró níbí, àkàrà ìyá yìí ti tutù láti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí á kọjá síwájú.” Kì í ṣì í. Àwọn tí kò gbọ́ràn ní tiwọn kì í dúró níbi tí òkùnkùn bá wà, nítorí ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ sì ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ìyá aláàmàlà tí fìtílà rẹ̀ tóbi jù ni wọ́n ń yí ká ní alaalẹ́. Láàárín ọdún kan, ìyá náà ti mọ àmì “méjì”, ó ti mọ àmì “ata kékeré”, ó sì ti mọ àmì “ẹ kú alẹ́”. Kò sí ẹni tí ó rán an lọ kọ́ ọ. Nígbà tí olùkọ́ wa ń ṣàlàyé fún wa nínú kíláàsì bí a ti lè mú kí aráàlú máa bá àwọn tí kò gbọ́ràn sọ̀rọ̀, àwọn kan nínú wa bojú wo ara wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ oúnjẹ náà díẹ̀, nítorí àwọn ọmọ wa ń jẹ ẹ́, wọn kò mọ iṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Alákàrà tí à ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ a ti rẹ ẹ̀wà láti ọ̀sán. Yóò bó èèpo rẹ̀ kúrò, yóò ṣàn án títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́lọ. Ní ayé ìyá rẹ̀, orí ọlọ òkúta ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tí ó wà lẹ́yìn ìlọ̀ ni ó ń fi àkàrà hàn yàtọ̀ sí àkàrà: a gbọ́dọ̀ po ẹ̀wà lílọ̀ náà, kí a máa gbò ó títí afẹ́fẹ́ yóò fi wọ inú rẹ̀, kí ó sì fúyẹ́. Alákàrà tí apá rẹ̀ bá tètè rẹ̀ yóò din òkúta. Bí agogo márùn-ún bá ti lù, yóò gbé agbada kaná, yóò fi àlùbọ́sà àti ata sí i, iyọ̀ a sì kẹ́yìn. Ẹ̀kọ tí a fi ń jẹ ẹ́ ti gba ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó dé ọjà: a rẹ àgbàdo, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, a jẹ́ kí ó sílẹ̀, a rò ó lórí iná, a sì pọ́n ọn sínú ewé eéran. Ewé yìí ń fi òórùn dídùn tirẹ̀ kún un, èyí tí ọ̀rá kò lè ṣe láéláé.

Àmàlà ni oúnjẹ tí a fi mọ Ọ̀yọ́ jù. A kì yóò pẹ́ lórí rẹ̀ nítorí gbogbo yín ni ẹ mọ èlùbọ́ àti orógùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì rí bí a ti ń fi ìjábẹ̀ lu gbẹ̀gìrì, títí tí ẹ̀wà yóò fi yọ́ bí omi tí ó sì pupa rẹ́súrẹ́sú, kò tíì mọ ohun tí ó ń gbé mì. Bẹ́ẹ̀ sì ni wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wá nínú igbá: omi ewé bọmubọmu ni wọ́n fi ń mú kí mílíìkì dì. Àwọn Ọ̀yọ́ a máa din ín bí ẹran. Ní Sábó, àwọn Haúsá a ti máa yan súyà ní àkókò kan náà. Ẹni tí ó bá rìn láti òpin ọjà kan dé èkejì ní alẹ́ ọjọ́ kan ti fi ẹnu la ilẹ̀ púpọ̀ kọjá.

Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ pàápàá. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ń tú, tí ogun sì gba gbogbo ilẹ̀ kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ènìyàn wa ni a kó lẹ́rú lọ sí òkè òkun. Ajàyí Crowther fúnra rẹ̀, ọmọ Òṣoògùn, bọ́ sọ́wọ́ àwọn akẹ́rú ní ọdún 1821. Orí ni ó yọ ọ́ tí ó fi dé Sàró. Àwọn tí orí wọn kò gbé wọn lọ sí Sàró dé Bahia ní ilẹ̀ Brazil. Ní ìlú Salvador níbẹ̀, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó wọ aṣọ funfun, tí ó sì wé gèlè, ń jókòó sí ìkóríta títí di òní olónìí, wọ́n ń fi epo pupa din ẹ̀wà lílọ̀. Acarajé ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ẹ kà á sókè, ẹ ó gbọ́ “àkàrà” àti “jẹ” nínú rẹ̀. Wọ́n a máa là á sí méjì, wọ́n a sì fi edé àti ọbẹ̀ sí i láàárín. Ní ọdún 2005 ni ilé iṣẹ́ ìjọba Brazil tí ń tọ́jú ohun àjogúnbá kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà wọ̀nyí sínú ìwé ohun iyebíye orílẹ̀-èdè náà. Ó jọ wá lójú púpọ̀ pé àwọn ọmọ ẹrú rí ọlá nínú agbada àkàrà, nígbà tí àwa tí a kò kúrò nílé ń jíròrò bí a ó ti lé tiwa kúrò níwájú ààfin.

Àwọn ọdún tí a fi wà ní Ọ̀yọ́ kò rọrùn. A fagi lé ìdìbò June 12 ní ọdún 1993. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo da iṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Keje ọdún 1994 títí di oṣù Kẹsàn-án, kẹrosíìnì wọ́n bí ojú. Obìnrin mẹ́ta a pa owó pọ̀ ra ìgò kan, wọn a sì jókòó yí fìtílà kan ṣoṣo ká. Ọjà kò fọ́. Igi ni àwọn alákàrà fi ń dáná, iná igi náà sì tún di ìmọ́lẹ̀ fún ẹlẹ́pà àti ẹlẹ́kọ. Owó àwọn òbí wa kì í tètè dé nígbà náà. Ìyá alákàrà kan ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó lọ sí Akẹ̀sán ni ó gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa là. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní pátákó kan lẹ́yìn àga rẹ̀ tí ó máa ń fi èédú fa ìlà sí. Olúkúlùkù ní ibi tirẹ̀ lórí pátákó náà. Bí owó bá dé, tí a bá san án, yóò fi omi nu ibẹ̀ lójú wa, yóò sì sọ pé: “Ọmọ mi, ó ti mọ́ o.” A gbàgbọ́ pé àwọn olùkọ́ kan ń bẹ ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí tí wọn ì bá má parí ẹ̀kọ́ wọn, bí kò bá sí ti pátákó yẹn.

Nígbà tí a padà lọ ní oṣù Kẹrin yìí, ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, iná jó ọjà Akẹ̀sán, ọjà tí àwọn ènìyàn ti ná láti ayé Àtìbà. Ìjọba ìpínlẹ̀ tún un kọ́ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù ìgbàlódé. Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta, tí ó ti wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 1970, wàjà ní oṣù Kẹrin ọdún 2022. Ìtẹ́ ṣófo títí Aláàfin Akeem Ọwọ́adé fi jọba ní ọdún 2025. Fìtílà kẹrosíìnì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Iná kéékèèké tí a ń fi oòrùn tàbí ẹ̀lẹ́tíríìkì gbà sára ni àwọn obìnrin ń lò. Ó funfun gan-an, ó sì tutù lójú. Láti òkèèrè ó ṣì dà bí ìràwọ̀, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ tí kò pupa mọ́. Ẹ̀kọ inú ọ̀rá pọ̀ ju ti inú ewé lọ. Ọ̀kadà sì ti gba ọ̀nà tí a ti máa ń rìn gbẹ̀fẹ́, débi pé ẹni tí ó bá fẹ́ rìn ìrìn àṣálẹ́ gbọ́dọ̀ máa wo ẹ̀yìn rẹ̀.

A dé ibi tí ìyá alákàrà máa ń jókòó sí. Obìnrin kan tí ó tó ẹgbẹ́ wa ni a bá níbẹ̀. A kí i pé: “Ẹ kú iná o. Ajé á wọgbá o.”

“Àṣẹ o. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ti èló ni kí n bù?”

A sọ ẹni tí a jẹ́ fún un. Ó wò wá fún ìgbà díẹ̀, ó gbé ìbọn àkàrà tí ó fi ń yí i sílẹ̀, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì orí pátákó! Ìyá mi kú ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Wọ́n a máa dárúkọ yín.” Ó bu àkàrà fún wa, ó kọ̀ láti gba owó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó gba ti èkejì.

A bi í bóyá kò fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù kan nínú ọjà tuntun. Ó ní: “Ṣọ́ọ̀bù dára fún aláṣọ, sà. Aṣọ kì í tutù. Ta ni yóò ṣí ilẹ̀kùn wọlé wá wá àkàrà? Ojú ọ̀nà ni ẹni tí ebi ń pa ń gbà kọjá. Èéfín mi ńkọ́, àbí inú ilé ni n ó ti máa dáná igi? Owó tí wọ́n á gbà lọ́wọ́ mi fún ọdún kan, àkàrà mélòó ni n ó dín kí n tó rí i?” Nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin kan tí ó wọ aṣọ kọ́lẹ́ẹ̀jì dé, ó na ìka méjì, ó sì fi ọwọ́ kan ètè. Obìnrin náà fi ọwọ́ dá a lóhùn, ó sì bu méjì fún un pẹ̀lú ẹ̀kọ kan. Wọn kò gbin.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, a fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ tí àwọn ọlọ́jà wọ̀nyí ń lò, bí àwọn ènìyàn tilẹ̀ ń wò wá bí wèrè. Alákàrà kan, pẹ̀lú agbada, àdògán, àga àti igbá rẹ̀, kò gbà ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta ní gígùn àti méjì ní ìbú. Ẹlẹ́kọ kò tó bẹ́ẹ̀. Aláàmàlà nìkan ni ó nílò ààyè, nítorí bẹ́ǹṣì àwọn tí ń jẹun. Nínú àwòrán tí a fi hàn wá ní ìpàdé oṣù Kejìlá, ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo yóò gba ilẹ̀ obìnrin mẹ́rin, alẹ́ ni yóò sì máa wà ní títì. Bí ó bá jẹ́ ogún ṣọ́ọ̀bù ni a ó kọ́, ọgọ́rin obìnrin ni ó gbọ́dọ̀ wá ibòmíràn lọ, iwájú ààfin yóò sì di òkùnkùn láti agogo méje.

A kò sọ pé kí ẹgbẹ́ má ṣe kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́, ọ̀nà ọkọ̀ sì dé ibẹ̀. Ohun tí a ń bẹ̀ fún ni pé kí iwájú ààfin wà bí ó ti wà láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di agogo mẹ́wàá, kí ọkọ̀ má sì wọ ibẹ̀ láàárín wákàtí wọ̀nyí, kí àwọn àgbà lè rìn láìbẹ̀rù. Kí a fi owó tí a ti kó jọ ṣe ẹ̀rọ omi kan, ilé ìyàgbẹ́ méjì, àti òpó iná mẹ́rin tí ń lo oòrùn. Kí a sì pe àwọn obìnrin náà sí ìpàdé, nítorí a kò rí orúkọ ẹnìkankan nínú wọn nínú ìwé ìgbìmọ̀ tí ó gbé àbá náà wá. Ẹ̀dà ìwé àbá wa, pẹ̀lú ìwọ̀n ilẹ̀ tí a fi ẹsẹ̀ wọ̀n ní Ọ̀yọ́ àti èyí tí a wọ̀n níwájú ààfin wa nígbà tí a dé, wà lọ́wọ́ akọ̀wé àgbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kà á kí ọjọ́ ìpàdé tó pé lè béèrè fún un lọ́dọ̀ rẹ̀.